Ṣé Mourinho ló ba Mikel jẹ́, àbí àwa ni a ò mọ ohun tí à ń wò?

Ọmọ Mọ́lété
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Lánàá, ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù àdúgbò wa, kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù àárín wa délẹ̀. Mo dárúkọ John Obi Mikel. Ọmọkùnrin kan tí kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ dáhùn pé, "Mikel wo? Ẹni tó kàn ń gbá bọ́ọ̀lù sẹ́yìn ṣáá yẹn?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ó dùn mí délé.

Ìdí tó fi dùn mí rèé. Mo wo Mikel ní 2005, níbi ìdíje àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ ní Netherlands, nígbà tí Samson Siasia jẹ́ kóòṣì àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà. A lé àwọn onílé jáde nínú pẹ́nárítì, 10 sí 9. A na Morocco 3-0. Ní àṣekágbá ní Utrecht, Argentina fi 2-1 borí wa, pẹ́nárítì sì ni gọ́ọ̀lù méjèèjì tí Messi gbá wọlé. Nígbà tí wọ́n ń pín ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ, Messi gba wúrà, Mikel gba fàdákà, Taye Taiwo wa gba idẹ. Messi pé ọmọ ọdún méjìdínlógún láàárín ìdíje náà gan-an, Mikel náà ṣẹ̀ṣẹ̀ pé e ní oṣù kẹrin ni.

Mikel tí mo rí níbẹ̀, ẹ̀yìn àwọn àtamátàsé ló ń dúró sí. Òun ló ń ya bọ́ọ̀lù, òun ló ń la ọ̀nà. Ó dé Chelsea ní 2006, Mourinho, kóòṣì wọn nígbà náà, fà á sẹ́yìn, ó gbé e síwájú àwọn dìfẹ́ńdà, ibẹ̀ ló sì wà títí ó fi kúrò. Àwọn kan ní Mourinho pa ẹ̀bùn ọmọ wa. Èmi ò gbà. Mo rò pé ojú tí a fi ń wo agbábọ́ọ̀lù àárín ló ṣókùnkùn. Ẹ bá mi dá sí i.

Gbẹ́nró Sùúrùlérè
Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ka nǹkan tó ṣeé kà. Ìgbà 372 ló wọ aṣọ Chelsea. Gọ́ọ̀lù mélòó? Mẹ́fà. Nínú líìgì, ẹyọ kan péré, tí Fulham, 21 oṣù kẹsàn-án 2013, lẹ́yìn ọdún méje tó ti wà níbẹ̀. Ẹni tó gba fàdákà lẹ́yìn Messi, kí ló fi fàdákà yẹn ṣe? Ọmọ yẹn ò jẹ̀bi tó bá béèrè. Ẹ̀bùn tó yẹ kó kárí ayé, wọ́n tì í mọ́ yàrá kan, òun náà sì jókòó síbẹ̀, kò kan ilẹ̀kùn.

Kóòṣì Àgége
Gbẹ́nró, jọ̀ọ́, fún mi láyè díẹ̀. Ó ti tó ọdún méjìlá tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní bọ́ọ̀lù ní Àgége, ipò tí ò ń sọ yìí ló sì ṣòro jù fún mi láti kọ́ ọmọ.

Ẹni tó wà ní ipò mẹ́fà, níwájú àwọn dìfẹ́ńdà, ẹ̀yìn ló ń kọ sí gọ́ọ̀lù ọ̀tá nígbà tí bọ́ọ̀lù ń bọ̀ wá bá a. Ẹnì kan ti ń sáré bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ tí kò rí. Ó gbọ́dọ̀ ti bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì kí bọ́ọ̀lù tó kàn án lẹ́sẹ̀, kó ti mọ ẹni tó dá wà, kó ti mọ ẹsẹ̀ tí yóò fi gbà á. Bó bá ṣe àṣìṣe kan, gọ́ọ̀lù ni. Àtamátàsé lè pàdánù bọ́ọ̀lù ìgbà mẹ́wàá, kó gbá ọ̀kan wọlé, kí wọ́n gbé e lérí. Ẹni tó wà ní mẹ́fà lè ṣe ọgọ́rin nǹkan dáadáa, ẹyọ kan tó bàjẹ́ ni wọ́n máa fi pè é lórúkọ.

Ohun tí Mourinho rí rèé: Mikel ò yára lẹ́sẹ̀. Ká sọ òótọ́, kò yára. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ le bí igi ìrókò, kò sì sí ẹni tó lè gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tó bá ti fi ìdí dí i. Ẹni tó yẹ kó rọ́pò ni Makélélé, tó sọ ipò náà di orúkọ ara rẹ̀. Ṣé ipò yẹpẹrẹ nìyẹn? Nígbà tí Ashley Cole bá ti sáré lọ síwájú lápá òsì, ta ló ń dí ihò tó fi sílẹ̀? Ẹ lọ wo bọ́ọ̀lù Camp Nou, 24 oṣù kẹrin 2012. Wọ́n ti fún Terry ní káàdì pupa kí wọ́n tó lọ sinmi. Ènìyàn mẹ́wàá dojú kọ Barcelona, 2-2 ló parí sí, Chelsea sì kọjá sí àṣekágbá Champions League. Ẹ má wo bọ́ọ̀lù. Ẹ wo ẹsẹ̀ Mikel nìkan. Lẹ́yìn náà kí ẹ padà wá bá mi sọ̀rọ̀.

Àdùkẹ́ Peckham
Kóòṣì, ẹ ṣeun. Mo wà ní Stamford Bridge, pápá Chelsea, lọ́jọ́ Fulham tí Gbẹ́nró ń sọ yẹn, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló fún mi ní tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Oscar ti gbá ti àkọ́kọ́ wọlé. Ó kù díẹ̀ kó parí, Mikel gbá tirẹ̀ wọlé. Mi ò rí irú ìdùnnú bẹ́ẹ̀ rí lórí gọ́ọ̀lù kejì nínú bọ́ọ̀lù tí wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ borí. Gbogbo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sáré lọ bò ó. Baba Òyìnbó kan tó jókòó níwájú wa yíjú padà, ó di èmi àti ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi mú, omi wà lójú rẹ̀. Àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ mọ ohun tó ń ṣe fún wọn. A kì í fi irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀ ta ẹni tí kò wúlò lọ́rẹ.

Nọ́ḿbà 8
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀, mi ò fẹ́ dá sí i tẹ́lẹ̀.

Ohun kan tí ẹ ò tíì sọ ni ọdún tó wà láàárín 2005 àti 2006. Lyn Oslo ni Mikel wà ní Norway. Ní ìparí oṣù kẹrin 2005, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tó pé ọdún méjìdínlógún, Manchester United kéde pé ó ti fọwọ́ sí àdéhùn. A rí fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ wọn lọ́wọ́. Kò pẹ́, Chelsea ní àwọn ti bá a sọ̀rọ̀ tipẹ́, òun náà sì sọ pé wọ́n fúngun mọ́ òun kí òun tó fọwọ́ sí i, pé aṣojú òun ò sí níbẹ̀. Ó kúrò ní Norway lọ sí London. FIFA ní kó padà sí Lyn. Oṣù kẹfà 2006 ni wọ́n tó parí ẹ̀: Chelsea san mílíọ̀nù 12 pọ́n-ùn fún United, mílíọ̀nù mẹ́rin fún Lyn.

Ẹ fojú inú wò ó. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbóná jù láyé nígbà náà, ọ̀rọ̀ àwọn lọ́yà ló ń gbọ́ dípò ariwo pápá. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, òun ń dúró kí àwọn àgbàlagbà parí ìjà owó. Ọdún kan ní ọjọ́ orí yẹn, ọdún mẹ́ta ni.

Mo mọ̀ ọ́n lára. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ ní nọ́ḿbà 10, ẹni tó ń la ọ̀nà lẹ́yìn àwọn àtamátàsé. Mo wọ ẹgbẹ́ kan ní líìgì ilẹ̀ wa (mi ò ní dárúkọ wọn), kóòṣì fà mí sẹ́yìn nígbà tí mo pé ogún ọdún. Oṣù méje ni wọn ò sanwó fún wa. Orúnkún mi ló yọ mí kúrò nígbẹ̀yìn, Ládipọ̀ ni mo wà báyìí, mò ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò. Kì í ṣe owó ló dùn mí jù. Ìyá mi máa ń wá wo wa, á wo bọ́ọ̀lù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, á sì béèrè lọ́wọ́ mi nílé pé, "Ṣé o gbá bọ́ọ̀lù lónìí?" Mo ti sáré títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu mi. Kò rí mi.

Gbẹ́nró Sùúrùlérè
Ọ̀rẹ́, pẹ̀lẹ́ o. Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi tán. Yàtọ̀ sí Chelsea, kí ló ṣe fún Nàìjíríà? 2007, wọ́n pè é fún bọ́ọ̀lù, kò wá, wọ́n fìyà jẹ ẹ́ kó tó tọrọ àforíjì. 2008, Siasia yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú àwọn tó ń lọ Òlíḿpíìkì ní Beijing nítorí pé kò yọjú nígbà tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù láti yege. 2010, ife àgbáyé àkọ́kọ́ lórí ilẹ̀ Áfíríkà, ó ní orúnkún ń dun òun. Ní 2013 pàápàá, tí a gba ife ilẹ̀ Áfíríkà, pẹ́nárítì tó gbá sí Zambia gba ẹ̀gbẹ́ lọ.

Bàbá Òkè-Àdó
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí àgbà kan fi ẹnu bà á.

Èmi wo Muda Lawal ní Liberty Stadium. Ọmọ Abẹ́òkúta ni. Mẹkáníìkì ni kó tó di agbábọ́ọ̀lù IICC, Shooting Stars ti Ìbàdàn. Ó wà nínú wọn nígbà tí wọ́n gba ife ilẹ̀ Áfíríkà ti àwọn olùborí ife ní 1976, tí gbogbo Ìbàdàn ò sùn. Ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà márùn-ún ló lọ, láti 1976 dé 1984. Lọ́jọ́ tí a na Algeria 3-0 ní Sùúrùlérè ní 1980, Odegbami gbá méjì wọlé, òun gbá ẹ̀kẹta. Odegbami ni ẹ máa ń gbọ́ orúkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì yẹ. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwa tó wà níbẹ̀ léèrè ẹni tó ń rin àárín pápá lọ rin àárín pápá bọ̀. Ó kú ní 1991, kò tíì pé ogójì ọdún. Ọmọ mélòó nínú yín ló mọ̀ ọ́n?

Gbẹ́nró, o ka ẹ̀ṣẹ̀ Mikel dáadáa. Ka èyí náà: nígbà tí Keshi, kóòṣì wa, kí Ọlọ́run forí jì í, gba ife 2013 yẹn, a na Côte d'Ivoire ti Drogba àti Yaya Touré 2-1, a na Mali 4-1, a na Burkina Faso 1-0 ní Johannesburg. Sunday Mba ló gbá ti àṣekágbá wọlé. Ta ló dá àárín dúró fún Mba?

Àyànwálé Bahia
Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Salvador ni mo ń gbé, ní Bahia, ní Brazil, mo sì ní ohun kan láti fi kún un.

Pápá Fonte Nova tó wà níbí, adágún omi kan wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Dique do Tororó. Ère àwọn òrìṣà dúró lójú omi náà, Ṣàngó, Ọ̀ṣun, Yemọja, Ògún, gbogbo wọn ga gègèrè. Ní 20 oṣù kẹfà 2013, Nàìjíríà pàdé Uruguay níbẹ̀ nínú ìdíje Confederations Cup. A pàdánù, 2-1. Ṣùgbọ́n Mikel ló gbá tiwa wọlé, ẹ wá a wò. Ó gba bọ́ọ̀lù nínú àpótí, ó fi ẹ̀tàn kan yẹ dìfẹ́ńdà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì fi ìrọ̀rùn tì í sí igun àwọ̀n. Nọ́ḿbà 10 tí ẹ̀gbọ́n Mọ́lété rí ní Netherlands ṣì wà nínú rẹ̀. Kò kú. Wọn ò kàn ní kó yọ ọ́ jáde ni.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, Òlíḿpíìkì 2016, ó padà wá sí pápá kan náà. Quarter-final, Denmark. Òun ló tún gbá gọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ wọlé, a borí 2-0. Ẹ sì rántí bí ikọ̀ yẹn ṣe dé Brazil. Atlanta ni wọ́n há sí, ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù gan-an ni wọ́n tó balẹ̀ sí Manaus, wọ́n sì na Japan 5-4. Ta ni kóòṣì? Siasia, ẹni tó yọ orúkọ rẹ̀ ní 2008. Ta ni balógun? Mikel. Wọ́n gba idẹ ní Belo Horizonte lọ́wọ́ Honduras, 3-2. Ohun tí ó ná an ni pé nígbà tó wà lọ́dọ̀ wa, Conte, kóòṣì tuntun, ń to ikọ̀ Chelsea láìsí i. Kò tún gbá bọ́ọ̀lù kankan fún un ní sáà yẹn. Oṣù kìíní 2017, ó lọ sí Tianjin ní Ṣáínà.

Gbẹ́nró béèrè ohun tó ṣe fún Nàìjíríà. Ó fi ipò rẹ̀ ní Chelsea ṣe é.

Ìyá Ìbejì Jos
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Jos ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, ó ti lé lógún ọdún tí a ti wà níbí. Jos ni wọ́n bí Mikel sí, ibí ló ti kọ́ bọ́ọ̀lù.

Ní 2011, wọ́n jí baba rẹ̀ gbé ní ìlú yìí. Nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá ni, Kano ni wọ́n ti rí i. Mikel ń gbá bọ́ọ̀lù ní England lásìkò yẹn. A gbà á ládùúrà, ó kọjá.

26 oṣù kẹfà 2018, Nàìjíríà àti Argentina ní St. Petersburg. Ọ̀mì péré la nílò. Gbogbo àgbàlá wa ló wà nídìí tẹlifíṣọ̀n. Messi gbá wọlé, Moses fi pẹ́nárítì dá a padà, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin, Rojo gbá èkejì wọlé. Mo bú Mikel lóru ọjọ́ yẹn. Mo ní ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo, mo ní ọkàn rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni ìròyìn jáde: wọ́n tún ti jí baba rẹ̀ gbé. Wákàtí mẹ́rin kí bọ́ọ̀lù yẹn tó bẹ̀rẹ̀ ni ìròyìn náà kàn án lórí fóònù, tí wọ́n sì béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wọ aṣọ, ó fi àmì balógun sápá, ó sì kọrin orílẹ̀-èdè. Kò sọ fún kóòṣì, kò sọ fún àwọn tó kù nínú ikọ̀, kí ọkàn wọn má baà dàrú.

Òótọ́ ni ohun tí mo sọ lóru yẹn, ọkàn rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Mi ò tíì dárí ji ara mi lórí bí mo ṣe sọ ọ́.

Gbẹ́nró Sùúrùlérè
Ìyá Ìbejì, èmi náà bú u lóru yẹn. Mo mọ ìtàn náà, mo kàn gbàgbé láti fi kún ohun tí mò ń kà ni. Mo ti wo bọ́ọ̀lù Camp Nou yẹn náà bí kóòṣì ṣe ní kí n wò ó, mo sì tún wo ti àṣekágbá ní Munich. Wákàtí méjì gbáko, òun àti Lampard nìkan ní àárín, níwájú Bayern, ní ilé Bayern. Mo gbà. Ti gọ́ọ̀lù ẹyọ kan yẹn ni mi ò tíì gbà. Agbábọ́ọ̀lù tó lè gbá irú gọ́ọ̀lù Bahia yẹn, ẹnì kan yẹ kó ti sọ fún un pé kó máa lọ síwájú.

Ọmọ Mọ́lété
Ibẹ̀ yẹn, mi ò bá ẹ jà, àbúrò. Ó ṣeé ṣe kí nọ́ḿbà 10 kan ti sọnù lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n ife líìgì méjì, FA Cup mẹ́rin, Champions League, ife ilẹ̀ Áfíríkà: ẹni tó kó gbogbo ìyẹn jọ, a kì í pè é ní ẹni tó sọnù.

Ìgbà tí mo fẹ́ràn rẹ̀ jù kì í tilẹ̀ ṣe lórí pápá. Oṣù kẹta 2020, Trabzonspor ló wà ní Turkey, wọ́n sì wà lókè tábìlì. Kòrónà ti dé. Ó sọ ní gbangba pé kò yẹ kí àwọn ṣì máa gbá bọ́ọ̀lù, ẹ̀mí ṣe pàtàkì jù. Òun àti ẹgbẹ́ náà pínyà. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, líìgì Turkey dáwọ́ dúró. Ó ṣì gbá bọ́ọ̀lù ní Stoke, ó lọ sí Kuwait, ní oṣù kẹsàn-án 2022 ó ní ó tó.

Ìyá Ìbejì Jos
Kóòṣì, mo ní ìbéèrè kan, ẹ má bínú. Taiwo mi pé ọdún mẹ́rìnlá. Nọ́ḿbà 10 ni. Kóòṣì ilé ìwé rẹ̀ fẹ́ fà á sẹ́yìn sí mẹ́fà, ọmọ náà ń sunkún. Kí ni kí n ṣe?

Kóòṣì Àgége
Ẹ má jẹ́ kó sunkún, ìyá wa, kí ẹ sì má bá kóòṣì jà. Ẹ ṣe báyìí. Kí Kẹ́hìndé máa gbá bọ́ọ̀lù sí i láti iwájú. Kí ẹ̀yin dúró lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ máa na ìka sókè, ìgbà míì méjì, ìgbà míì márùn-ún. Kí ó bojú wẹ̀yìn, kí ó sọ iye ìka yín kí bọ́ọ̀lù tó kàn án lẹ́sẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Tó bá gba mẹ́jọ, ojú ipò mẹ́fà nìyẹn, ẹ jẹ́ kó lọ, ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo bọ́ọ̀lù máa wà. Tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ bẹ kóòṣì pé kó fi í sílẹ̀ níwájú fún ọdún kan sí i.

Ìyá Ìbejì Jos
A ti ṣe é ní ìrọ̀lẹ́ yìí. Ó gba mẹ́fà. Kẹ́hìndé ní kí òun náà gbìyànjú, ó gba mẹ́sàn-án, kò sì tilẹ̀ fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. A ó tún ṣe é lọ́la.